ÀKỌ́RỌ̀ ÒJÒ DÉ, TÁÀMÙ KẸTA WỌLÉ: Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ ÀWỌN ỌMỌ WA TÍ Ń BẸ NÍ JSS

Ọdún tí a fi ọyẹ́ àti eruku bẹ̀rẹ̀ ti rìn jìnnà díẹ̀ báyìí. Àkọ́rọ̀ òjò ti dé, ilẹ̀ ti rọ̀, àwọn tó ń ta irúgbìn àgbàdo àti ọkọ́ sì ti ń rẹ́rìn-ín. Àsìkò yìí náà ni àwọn ọmọ wa máa ń wọ táàmù kẹta, èyí tó kẹ́yìn nínú ọdún ẹ̀kọ́. Nínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù yìí, a ní kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ohun tó ń lọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí JSS. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú owó tí a ń yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ń bá lọ, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń já bọ́ lójú ọ̀nà, kì í ṣe pé orí wọn kò pé.

KÍ LÓ KAN ẸGBẸ́ ALÁJẸṢẸ́KÙ NÍNÚ Ọ̀RỌ̀ ILÉ-Ẹ̀KỌ́?

Ẹlòmíràn lè wí pé, "Ṣé kì í ṣe kí á dá owó, kí á yá owó, kí á sì san án padà ni a bá wá síbí?" Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Àwọn ahunṣọ àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1844 kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí yọ díẹ̀ nínú èrè ẹgbẹ́ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àti ìwé kíkà àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Nígbà tí Àjọ Alájẹṣẹ́kù Àgbáyé sì tún ìlànà ẹgbẹ́ kọ sílẹ̀ ní ọdún 1995, ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ṣe ìkarùn-ún nínú ìlànà méje. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, láti ọdún 1935 tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àkọ́kọ́ ti jáde, kò sí ẹgbẹ́ tó lè dúró láìsí akọ̀wé tó mọ ìwé kọ àti akápò tó mọ ìṣirò. Níbo ni a ó ti rí akọ̀wé àti akápò ti ọ̀la, bí kì í bá ṣe láàárín àwọn ọmọ tó ń wọ yunifọ́ọ̀mù lọ sílé-ẹ̀kọ́ lónìí? Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. A lè fi kún un pé ọmọ tí a kò kọ́ kò ní mọ iye tó yẹ kó tà á.

LÁTI ÀKÓKÒ "MODERN" DÉ ÀKÓKÒ JSS

Àwọn àgbà inú wa yóò rántí pé irú ilé-ẹ̀kọ́ àárín yìí kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni ilé-ẹ̀kọ́ "Modern" bẹ̀rẹ̀, ọlọ́dún 3, fún àwọn tó jáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò rí àyè tàbí owó wọ girama. Ẹ má fi ojú kékeré wo "Modern" o. Nínú àwọn tó jáde níbẹ̀ ni a ti rí tíṣà, akọ̀wé ọ́fíìsì, àti akọ̀wé ẹgbẹ́ oníkòkó tó mọ bí a ti ń kọ ìwé ìṣirò tó mọ́ nigínnigín.

Nígbà tó yá, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ jáde ní ọdún 1977, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ètò 6-3-3-4 ní ọdún 1982. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọ yóò lo ọdún 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọdún 3 ní girama kékeré, ọdún 3 ní girama àgbà, àti ọdún 4 ní yunifásítì. Èrò àwọn tó ṣe ètò náà ni pé nígbà tí ọmọ bá fi máa parí ọdún 3 ti àárín yìí, a ó ti mọ ibi tí ẹ̀bùn rẹ̀ wà. Ẹni tí ìwé bá wọ̀ lára yóò lọ sí girama àgbà, ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ bá wù yóò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tàbí kó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ní ọdún 1999 ni ìjọba kéde ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, òfin rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2004. Òfin yìí so alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS pọ̀ di ọdún 9, ó sì ní kí owó ilé-ìwé má ṣe sí níbẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba.

Ohun kan wà nínú òfin náà tí ọ̀pọ̀ òbí kò gbọ́ rí. Ó ní dandan ni kí òbí jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré. Ẹni tó bá rú u, ìkìlọ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ fún un. Bó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ìtanràn ₦2,000 ni tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 1, tàbí méjèèjì. Bó bá tún ṣe é lẹ́yìn ìyẹn, ₦5,000 ni tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 2, tàbí méjèèjì. A mọ̀ pé owó yìí kò tó nǹkan mọ́ lójú ẹni tó ń ra ọjà lọ́jà lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ro ó dáadáa: ọmọ tó kúrò nílé-ẹ̀kọ́ ní JSS 2 ni yóò máa san ìtanràn tirẹ̀ títí ọjọ́ ogbó, kò sì sí adájọ́ tó lè gbà á sílẹ̀.

OHUN TÓ Ń LỌ NÍLÉ-Ẹ̀KỌ́ LÁSÌKÒ ÒJÒ

Bí ẹ bá yà sí ilé-ẹ̀kọ́ lásìkò yìí, ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ rí ni oko. Níbi tí tíṣà ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn bá ti mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ óò bá àwọn ọmọ JSS 1 àti JSS 2 pẹ̀lú ọkọ́ àti okùn tí wọ́n fi ń wọn ebè. Ìdí tí wọ́n fi ń yára ni pé àgbàdo tí a bá gbìn láàárín oṣù kẹrin yóò ṣeé jẹ ní tútù láàárín ọjọ́ 75 sí ọjọ́ 90, ìyẹn ni pé yóò tó yà kí wọ́n tó gba ìsinmi gígùn ní oṣù keje. Ẹni tó bá pẹ́ gbìn, àwọn ará àdúgbò ni yóò bá a jẹ ẹ́.

Ẹ wo ìṣirò tó wà nínú rẹ̀. Bí ilẹ̀ kan bá jẹ́ mítà 10 ní gígùn àti mítà 10 ní ìbú, tí àwọn ọmọ fi sẹ̀ǹtímítà 75 sáàárín ebè kan sí èkejì, tí wọ́n sì fi sẹ̀ǹtímítà 25 sáàárín àgbàdo kan sí èkejì, igi àgbàdo bíi 530 ni yóò wà lórí ilẹ̀ náà. Bí ẹyẹ, kòkòrò àti ọwọ́ àwọn aláìgbọràn bá mú 130 lọ, ó ṣì ku 400 fún títà. Ọmọ tó bá mọ iye irúgbìn, iye ajílẹ̀ àti iye tí wọ́n ta àgbàdo náà, tó yọ èkínní kúrò nínú èkejì, ti kọ́ ìṣòwò. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe lọ́jà náà nìyẹn, àfi pé àwọn ọmọ ń kọ tiwọn sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń fi tiwa sórí.

Ẹ̀kọ́ ìṣòwò náà wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ wọn ní JSS. Wọ́n ń kọ́ wọn ní ìwé owó tó wọlé àti owó tó jáde, ìwé ẹ̀rí owó, àti bí a ti ń kọ àkọsílẹ̀ àwọn tó jẹ gbèsè. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà láwìn, ẹ gbọ́ ná. Ọmọ yín tó wà ní JSS 2 lè jókòó tì yín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, kó ya ojú-ìwé sí méjì, kó kọ orúkọ oníbàárà àti iye tó jẹ sí apá kan, kó kọ iye tó ti san sí apá kejì. Yóò ṣe ọmọ náà láǹfààní nínú ìdánwò, yóò sì ṣe yín láǹfààní nígbà tí oníbàárà bá ní, "Èmi? Mo ti san tèmi tipẹ́!"

Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ tún kéde pé iṣẹ́ ọwọ́ yóò wọ inú ẹ̀kọ́ girama: fífi iná oòrùn sílé, aṣọ rírán, ẹran ọ̀sìn, ìṣaralóge, títún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe, àti ọ̀gbìn. A kò lè retí pé tíṣà kan yóò mọ gbogbo rẹ̀. Àwọn télọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ wa, àwọn aṣerunlóge wà, àwọn tó ń tún fóònù ṣe náà sì wà. Ẹni tó bá lè yọ wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò rẹ̀, kó lọ rí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tó bá kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ọmọ tirẹ̀ náà yóò rí ẹni kọ́ ọ.

Ọjọ́ ayẹyẹ kò gbẹ́yìn. Eré ìje tí àwọn ọmọ ń pè ní "Inter-house" máa ń ti parí ní táàmù kejì ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tó gba ife kò sì ní jẹ́ ká sinmi títí di ìsinsìnyí. Ní táàmù kẹta, ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ni Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, nígbà tí wọ́n máa ń yan lójú agbo níwájú àwọn àgbààgbà. Àríyànjiyàn máa ń wà láàárín ilé-ẹ̀kọ́ kan sí èkejì, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá. Ìparí táàmù ni ọjọ́ ẹ̀bùn, tí wọn yóò pe orúkọ ẹni tó gbégbá orókè. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ jọ̀wọ́, bí wọ́n bá pè yín sí irú ọjọ́ báyìí, ẹ lọ. Ọmọ tó jáde gba ẹ̀bùn, tó wo gbogbo ìjókòó tí kò rí ẹnì kan tó jẹ́ tirẹ̀, ẹ̀bùn náà kì í dùn mọ́ ọn.

Ohun tí kò dára nínú àsìkò yìí ni ìjì. Àkọ́rọ̀ òjò kì í wá lóun nìkan, afẹ́fẹ́ líle ló máa ń ṣíwájú rẹ̀. Gbogbo wa la ti rí ilé-ẹ̀kọ́ tí òrùlé rẹ̀ ṣí lọ sínú igbó, tí àwọn ọmọ wá ń kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ igi máńgò. Ọ̀pọ̀ ìgbà, páànù kan tí ìṣó rẹ̀ ti yọ ni afẹ́fẹ́ máa ń kọ́kọ́ gbá mú, kó tó fi ọ̀nà yẹn wọlé gbé ìyókù. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ ẹ̀yin káfíńtà ẹgbẹ́ wa pé kí ẹ bá ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ gun òrùlé lọ kí òjò tó le. Owó ìṣó kò tó owó páànù, owó páànù kò sì tó owó ìwòsàn. Ẹ tún kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má sá sábẹ́ igi nígbà tí àrá bá ń sán, kí wọ́n má sì gba inú gọ́tà tí omi ti bò mọ́lẹ̀ kọjá. Kí ọmọ pẹ́ délé sàn ju kí ó má dé lọ.

ỌJÀ ỌRÚN ÀTI ÌWÉ ORÚKỌ

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Òwò ni iṣẹ́ wa, a kò sì ní bú òwò. Kò sí ohun tó burú nínú pé kí ọmọ mọ ọjà. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì kọ́ ọjà títà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wo ohun kan tí a kì í sábà ṣírò.

Ọjà ọrún, bí gbogbo wa ti mọ̀, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni ó máa ń bọ̀ bí a kò bá ka ọjọ́ òní mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní tirẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 7, márùn-ún nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Méjèèjì kì í rìn pọ̀. Lónìí ọjà bọ́ sí Mọ́ńdè, ó di Fúráìdè, ó di Túsìdè, ó di Sátidé, ó di Wẹ́sìdè, ó di Sọ́ńdè, ó di Tọ́sìdè, lẹ́yìn náà ló tó padà sí Mọ́ńdè. Ẹ kà á: ọjọ́ ọjà 7 láàárín ọ̀sẹ̀ 4, márùn-ún nínú rẹ̀ sì bọ́ sí ọjọ́ ilé-ẹ̀kọ́.

Táàmù tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 12 ní ọjọ́ ẹ̀kọ́ 60. Ọmọ tí a bá ń mú dání lọ sọ́jà ní gbogbo ọjọ́ ọjà yóò pàdánù 15 nínú 60 náà. Ọ̀sẹ̀ 3 gbáko nìyẹn! Bí ẹni tó jẹ ìdá kan nínú ìdá mẹ́rin owó ẹlòmíràn ni. Ẹni tó ń ná ọjà ìsán, tó ń bọ̀ ní ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ, tirẹ̀ mọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ 7 tàbí 8 náà ni ọmọ yóò pàdánù. Kò sí oníṣòwò nínú wa tí yóò ti ìsọ̀ rẹ̀ pa fún ọ̀sẹ̀ 3 nínú ọ̀sẹ̀ 12, tí yóò tún wá máa béèrè pé kí ló dé tí èrè kò wọlé.

Ní táàmù kẹta ọdún tó kọjá, àwa mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ ìwé ìròyìn yìí bá ìyá kan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin. A kò ní dárúkọ ìyá náà, a kò sì ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ata ni ìyá yìí ń tà. Ọmọ rẹ̀ wà ní JSS 3, tíṣà sì ti ránṣẹ́ pè é lẹ́ẹ̀mejì kó tó ráyè lọ. Tíṣà náà, ọmọdébìnrin kan báyìí tó mọ̀wàá hù, kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ kú ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, mà."

"Oo, ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ẹ ń pè mí. Ṣé kò sí o? Ṣé kì í ṣe pé ó jà?"

"Rárá o, mà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọmọ dáadáa ni. Ìwé orúkọ ni mo fẹ́ fi hàn yín."

Ó ṣí ìwé orúkọ. Ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà kan láti apá òsì dé apá ọ̀tún. Ibi tí àmì pupa wà, ó kà á sókè. Nígbà tó dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyá náà fọwọ́ lérán.

"Tíṣà, ọjọ́ ọjà nìkan ni mo mú un o. Ọjọ́ kan, ọjọ́ kan. Ta ni yóò bá mi gbé ata sílẹ̀ nínú mọ́tò láàárọ̀? Bí n kò bá tètè gbé e, yóò rà."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ mà. Ìyá tèmi náà, tòmátì ni wọ́n ń tà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ọjọ́ kan náà ló di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí. Nígbà tí mo kọ́ wọn ní ìdá, kò sí níbẹ̀. Nígbà tí mo kọ́ wọn ní èlé, kò sí níbẹ̀. Inú ìdánwò ni wọn yóò ti bi í, mà."

Ìyá náà dákẹ́. Nígbà tí a jáde, ó ní ohun tó dùn òun jù ni pé èlé ni ọmọ náà kò bá wọn kọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni òun tí òun bí i ń san èlé lóṣooṣù.

A kò kàn fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A bá àwọn tó jọ ń tà ní ìlà kan náà sọ̀rọ̀. Ìyá márùn-ún ni wọ́n, ọmọ mẹ́rin ni wọ́n sì ń mú kúrò nílé-ẹ̀kọ́ láàárín ara wọn nítorí ẹrù gbígbé. Wọ́n fi ẹnu kò pé ní gbogbo ọjọ́ ọjà, àwọn yóò jọ dá owó gba alábàárù kan, tí yóò bá gbogbo wọn gbé ẹrù kúrò nínú mọ́tò. Nígbà tí wọ́n pín owó náà sọ́nà márùn-ún, kò tó ohun tí ẹnikẹ́ni lè pariwo lé lórí. Ọmọ náà ṣe ìdánwò, ó sì wọ SS 1. A kò ní purọ́ fún yín, ìṣirò rẹ̀ kò ga tó bó ti yẹ, nítorí ohun tó ti bọ́ kò ṣeé kó tán. Ṣùgbọ́n ó wà nílé-ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ mẹ́ta yòókù sì wà nínú kíláàsì wọn ní ọjọ́ ọjà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí ni a ń pè ní alájẹṣẹ́kù bí kì í bá ṣe irú èyí?

ÌDÁNWÒ JSS 3

Ìdánwò tó ń parí JSS kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Àwọn ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń ṣe tiwọn fún ilé-ẹ̀kọ́ wọn, NECO sì ń ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀. Èsì rẹ̀ ni wọn yóò wò kí ọmọ tó wọ girama àgbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Wọ́n tún máa ń ka ìdánwò kéékèèké tí ọmọ ti ń ṣe láti ọdún dé ọdún mọ́ ọn. Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé ọmọ lè ṣeré láti JSS 1, kó wá fi oṣù 2 kàwé gbẹ̀yìn, kò tíì mọ bí ọ̀nà náà ti rí.

Ohun kan tún wà tí ń dá òbí láàmú lẹ́yìn ọdún púpọ̀: orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Bí wọ́n ti kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé ìdánwò yìí ni yóò máa bá a lọ. Ọmọ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ lọ́nà kan sínú ìwé ẹ̀rí ìbí, tí wọ́n tún kọ ọ́ lọ́nà mìíràn sínú ìwé JSS, yóò di ẹni tí ń sáré lọ sí kóòtù búra kí wọ́n tó gbà pé òun ni òun. Kí wọ́n tó fi orúkọ ránṣẹ́, ẹ gbé ìwé ẹ̀rí ìbí dání lọ, kí ẹ sì wo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, kó mú ẹni tó mọ̀wé dání. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ

Òfin ní kò sí owó ilé-ìwé ní JSS ìjọba, ṣùgbọ́n yunifọ́ọ̀mù kò sí lọ́fẹ̀ẹ́, bàtà kò sí lọ́fẹ̀ẹ́, owó mọ́tò kò sí lọ́fẹ̀ẹ́. Ti ẹni tó fi ọmọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tún wá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù kẹsàn-án ni gbogbo rẹ̀ máa ń dé lẹ́ẹ̀kan náà, oṣù yẹn náà sì ni akápò wa máa ń rí fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó tó ga bí òkìtì. Owó kì í kárí gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tí kò bá rí ti ẹgbẹ́ gbà, ọ̀dọ̀ olówó èlé ló ń sá lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ₦60,000 ni ohun tí ọmọ yóò ná ní oṣù kẹsàn-án. Bí a bá yá a lọ́wọ́ olówó èlé tó ń gba kọ́bọ̀ 10 lórí náírà kan lóṣù, ₦6,000 ni èlé oṣù kan. Bí a kò bá rí i san títí oṣù 6, èlé nìkan ti di ₦36,000, owó gidi sì ń bẹ nílẹ̀ tó ń wò wá. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ bíi 20 ló wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kẹta àti oṣù kẹsàn-án. Ẹni tó bá ń fi ₦3,000 pamọ́ lọ́wọ́ akápò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yóò ní ₦60,000 rẹ̀ pé lọ́wọ́, kò ní wá onídùúró, kò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá lè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún tó ṣáájú, tó fi ọ̀sẹ̀ 40 ṣe é, ₦1,500 péré ni tirẹ̀ lọ́sẹ̀. Òwò kan náà ni, ọmọ kan náà ni, owó kan náà ni. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ ni ó yàtọ̀.

OHUN TÍ A Ń BẸ YÍN KÍ Ẹ ṢE

Ká má bàa sọ ọ́ di gígùn, nǹkan márùn-ún ni a ń bẹ olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ tó ní ọmọ ní JSS:

Èkínní, kí ẹ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ yín lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán ní táàmù yìí, kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ìwé orúkọ hàn yín.

Èkejì, kí ẹ̀yin tí ẹ jọ ń tà ní ìlà kan jókòó sọ ọ̀rọ̀ alábàárù. Kí ọmọ wá bá yín lọ́jà lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ bá parí, tàbí ní Sátidé.

Ẹ̀kẹta, kí ọmọ ní wákàtí kan ní alẹ́ fún ìwé rẹ̀, pẹ̀lú iná tó mọ́lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní rán an níṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìfowópamọ́ oṣù kẹsàn-án nísinsìnyí. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé òun yóò yá owó, kó gba fọ́ọ̀mù ní oṣù karùn-ún tàbí oṣù kẹfà, kí ó má dúró de ọjọ́ tí èrò pọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí á má fi ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin ṣe yẹpẹrẹ. Bí owó bá kù díẹ̀, òun ni à ń kọ́kọ́ yọ kúrò nílé-ẹ̀kọ́, à ń ní yóò sáà rí ọkọ. Ẹ bojú wo inú ọjà wa: àwọn obìnrin ló kún ibẹ̀, àwọn ló ń fi èrè ìsọ̀ gbọ́ bùkátà. Ta ló wá yẹ kó mọ ìṣirò jù wọ́n lọ?

Ní ìpàdé gbogbogbòò wa tó ń bọ̀, a ó fi ààyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú ètò alábàárù yìí ní ọjà mìíràn, ẹ wá sọ bó ti rí fún wa, ibi tó ti dára àti ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Ẹ̀yin tí ẹ kò fara mọ́ ọn náà, ẹ wá sọ tẹnu yín. Ẹnu ọ̀pọ̀ ni a fi ń tún ìlú ṣe.

A kí àwọn ọmọ JSS 3 pé wọn yóò ṣe é ní àṣeyege. Òjò ọdún yìí yóò jẹ́ òjò ìbùkún, kò ní jẹ́ òjò ìjì. Ọjà yóò tà, àwìn yóò wọlé, a ó sì jèrè àwọn ọmọ wa. Àṣẹ.